Ìlù tí Ó Mọ Ìwọ̀n Nínú Ìsìn Ọlọ́run

Àwọn kan gbà pé bí ìlù bá ti pariwo tó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ìsìn ti gbóná tó. Àwọn mìíràn ní ọ̀wọ̀ Ọlọ́run kò bá ìlù rìn rárá. Ní èrò tèmi, apá méjèèjì ni ó gbàgbé ohun kan: ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun èlò orin a máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó sì ń sọ ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n ìsìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Èjìgbò. Ọmọ Èjìgbò kò nílò àlejò láti òkè òkun kí ó tó mọ̀ pé ìlù ìsìn lè rọra lọ. Òrìṣà funfun ni Ògìyán tí a mọ ìlú náà mọ́, òun náà sì ni oyè ọba ìlú. Ìgbìn ni ìlù àwọn òrìṣà funfun. Ìlù ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ni. Dídún rẹ̀ wúwo, ẹsẹ̀ ẹni tí ń jó o kì í sáré. Ọ̀wọ̀ ni ó fa pẹ̀lẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àárẹ̀.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, ọ̀pọ̀ mísọ́nnárì kò fẹ́ ìlù nínú ilé ìsìn, nítorí wọ́n kà á mọ́ òrìṣà. Dùùrù àti orin tí a túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Thomas Ekundayo Phillips (1884–1969), tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Ìjọ Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953, pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní ohùn tirẹ̀ kí a tó fi orin sí i. Bí ohùn orin bá ga lórí ìró kìíní, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ lórí èkejì, 'ọ̀wọ̀' tí ó yẹ Ọlọ́run lè di 'ọwọ̀' tí a fi ń gbálẹ̀.

Lóde òní, ìlù ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Gángan a máa fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Olùgbọ́ ni yóò bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, onílù tí ó ń lu ohun tí ó bá ṣáà wá sí i lọ́wọ́ lè máa sọ ohun tí kò rò. Nígbà ìdáwó, ó tilẹ̀ lè yíjú sí olówó, kí ó máa kì í, nígbà tí ìjọ ń kọrin sí Ọlọ́run. Ìlù náà dùn, ṣùgbọ́n ta ni ó ń sìn?

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í ṣe ìtútù ọkàn. Onílù tí ó mọ ìwọ̀n a kọ́kọ́ gbọ́ orin kí ó tó lu ú. Bí orin bá kan ikú Jésù, a dẹwọ́. Bí ó bá kan àjíǹde, a mú ọwọ́ le. Bí àdúrà bá bẹ̀rẹ̀, a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ni ó ń darí ọwọ́ rẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó yé ìjọ sì ni ìmọ̀lára ti ń wá. Àwọn àgbà ní, bí ìlù bá dún àdúnjù, ó fẹ́ẹ́ ya ni. Nínú ìsìn, ìtumọ̀ orin a máa ṣáájú awọ ya.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Èjìgbò gan-an. Púpọ̀ nínú wọn ni ó tẹ̀dó sí Àbíjàn àti àwọn ìlú Ivory Coast mìíràn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Faransé. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìsìn ní èdè Yorùbá lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí ó ti ń gbọ́ èdè baba rẹ̀ dáadáa. Bí dùùrù àti ìlù bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, a pàdánù àdúrà, a sì pàdánù èdè.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ka orin bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́, kí onílù sì tẹ́tí sí wọn kí ó tó gbé ìlù kọ́ èjìká.