BÍ OLÓGBÒ ILÉ BÁ GÉ ÈNÌYÀN JẸ

Sí ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ní Isundunrin, ní Èjìgbò àti ní gbogbo abúlé àyíká wọn.

Kò sí àgbẹ̀ tí ó kó àgbàdo sí àká tí kò mọ iyì ológbò. Bí kò bá sí ológbò nílé, ilé a di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá fa ìrù rẹ̀, tàbí tí a bá fẹ́ gba eku lẹ́nu rẹ̀, ó lè gé ènìyàn jẹ. Ọgbẹ́ náà a máa kéré, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí. Ibẹ̀ ni ewu wà.

ÌDÍ TÍ ỌGBẸ́ KÉKERÉ FI LÉWU

Eyín ológbò rí bí abẹ́rẹ́. A máa wọlé jìn, ojú ihò rẹ̀ a sì tètè pa dé mọ́ ìdọ̀tí tí ó ti ẹnu ẹran náà wọlé. Láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ọwọ́ lè wú kí ó sì máa ro ni.

Èyí tí ó burú jù ni àrùn dìgbòlugi. Ajá ni ó ń kó o ran ènìyàn jù ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ológbò tí ajá dìgbòlugi bá gé jẹ lè mú un wọlé. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, ikú ni ó ń já sí, àfi bóyá ẹnì kan lọ́nà àrà. Ṣùgbọ́n ó sábà máa ń tó oṣù kan sí mẹ́ta kí ó tó fara hàn, abẹ́rẹ́ sì lè dá a dúró kí ó tó dé bẹ́ẹ̀. Ní oṣù July ọdún 1885, Louis Pasteur, ará Faransé, mú kí a gún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9, ní abẹ́rẹ́ yìí ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ajá dìgbòlugi gé e jẹ. Ọmọ náà yè.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa fi igbá bu omi dà á. Ọṣẹ dúdú tàbí ọṣẹ ìfọṣọ, èyíkéyìí dára.

2. Ẹ má ṣe fi eérú, ata, epo, tábà tàbí irun ẹran tí a sun sí i.

3. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí kò bá sí ní Èjìgbò, ẹ tẹ̀síwájú sí Òṣogbo tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ pa gbogbo ọjọ́ tí a bá dá fún yín mọ́.

4. Ẹ má ṣe pa ológbò náà. Ẹ sé e mọ́ inú àgò tí ó lágbára, kí ẹ fún un ní oúnjẹ àti omi, kí ẹ sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá le títí ọjọ́ náà fi pé, a mọ̀ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó géni jẹ, dókítà sì lè dá abẹ́rẹ́ tí ó kù dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó gé jẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 10 náà kí ó tó gba ìtọ́jú.

5. Bí ológbò náà bá ń dà itọ́, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ó kú tàbí tí ó sá lọ, ẹ sọ fún dókítà ẹran àti ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kan òkú rẹ̀, ẹ má sì ṣe jẹ ẹ́.

KÍ Ó MÁ BAÀ ṢẸLẸ̀

Ológbò àti ajá tí ó bá pé oṣù mẹ́ta yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí a sì máa tún un gún gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹran bá ti wí. Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù lè dá owó jọ, kí wọ́n pe dókítà ẹran wá sí ìlú ní ọjọ́ kan fún ẹran gbogbo ilé. Ọjọ́ 28 oṣù September, tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún gbígbógun ti dìgbòlugi, yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín láti máa sọ̀rọ̀ bí ẹran bá gé wọn jẹ. Ẹ má ṣe nà wọ́n, kí wọ́n má baà fi ọgbẹ́ pamọ́.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.