Òógùn àpọ̀jù: Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ooru Accra nìkan kọ́ ló ń mú yín làágùn?

Lọ́sàn-án gangan ní ìlú Accra, òógùn kì í dá ẹnikẹ́ni sí. Láti ọjà Makola dé inú ọkọ̀ trotro, aṣọ ìnujú kì í wọ́n lọ́wọ́ èèyàn. Etí òkun ni olú ìlú Gánà wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin, èyí tí kì í jẹ́ kí òógùn tètè gbẹ lára.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí omi ń kán tótó lọ́wọ́ wọn, kódà nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé tí wọ́n ń kọ máa ń rin, bàtà sì máa ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Nítorí pé gbogbo ará ìlú ló ń làágùn, ó rọrùn kí ẹbí wọn, àti àwọn fúnra wọn, gbà pé ooru lásán ni.

Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Hyperhidrosis ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2004 fi hàn pé nǹkan bí èèyàn mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in.

Ìdí tí ìtìjú rẹ̀ fi pọ̀

Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni bíbọwọ́ ní Gánà. Ẹni tó bá dé ibi ìsìnkú tàbí ìsọmọlórúkọ máa ń bọ àwọn tó ti jókòó lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti apá ọ̀tún lọ sí òsì. Àwọn ọ̀rẹ́ tún máa ń fi ìka ta ara wọn kí wọ́n tó jọ̀wọ́ ọwọ́. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń rin lè tìtorí èyí yẹra fún àwùjọ.

Láti ìdìbò ọdún 2012 ni wọ́n sì ti ń lo ẹ̀rọ tó ń fi ìka dá olùdìbò mọ̀ ní Gánà. Ìka tó rin gbingbin lè mú kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ má tètè dá èèyàn mọ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀ nínú nígbà ooru. Ẹ̀yà kéékèèké tó ń pèsè rẹ̀ lábẹ́ awọ tó mílíọ̀nù méjì sí mẹ́rin. Iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún wọn.

Lára ẹni tó ní àìsàn yìí, àṣẹ náà ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbẹ̀rù pé òógùn yóò dé tún máa ń bù kún un. Ó sábà máa ń wà nínú ìdílé. Kì í ṣe àìmọ́tótó, kì í sì í ràn.

Báwo lẹ ṣe lè dá a mọ̀?

• Àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, abíyá tàbí ojú ló sábà máa ń mú.
• Ọ̀tún àti òsì ló máa ń mú pọ̀.
• Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọmọ ọdún 25.
• Ó máa ń dáwọ́ dúró bí èèyàn bá sùn.
• Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà, ó sì ń dí iṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ tètè rí dókítà?

Bí òógùn bá ń bo gbogbo ara lójú oorun, tí èèyàn sì ń rù tàbí tó ń wúkọ́, ó lè jẹ́ ikọ́ ife. Bí àyà bá ń yára lù kìkì, tí èèyàn ń jẹun síbẹ̀ tó ń rù, ẹ̀yà ara ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid ló lè ní ìṣòro.

Bí ẹni tó ń lo egbòogi àtọ̀gbẹ bá ṣàdédé làágùn, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣúgà ara rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀. Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ó yẹ kó tètè mu ohun tó dùn. Òógùn tó bá àyà dídùn rìn lè jẹ́ ti ọkàn, kò sì gba ìdúró rárá.

Ìtọ́jú wo ló wà?

Ohun tí à ń fi pa òórùn abíyá kì í dá òógùn dúró. Èyí tó ní aluminium chloride nínú ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò. Alẹ́ ni kí ẹ fi í sí awọ tó ti gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ nù láàárọ̀.

Fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tó ń gba iná mànàmáná díẹ̀ kọjá nínú omi tí èèyàn ki ọwọ́ bọ̀. Aláboyún àti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kò gbọdọ̀ lò ó. Abẹ́rẹ́ Botox náà lè dá òógùn abíyá dúró fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ó wọ́n.

Egbòogi oníhóró náà wà. Ó lè mú kí ẹnu gbẹ àti kí ìgbẹ́ le. Nínú ooru bíi ti Accra, ó tún léwu pé kí ara má lè tu ara rẹ̀ nínú mọ́. Fún ìdí yìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà á lò láìrí dókítà.

Iṣẹ́ abẹ ló kẹ́yìn. Wọ́n máa ń gé iṣan kan nínú àyà tàbí kí wọ́n há a, ọwọ́ yóò sì gbẹ. Ṣùgbọ́n òógùn lè ya lọ sí ẹ̀yìn, ikùn àti itan, ó sì lè má lójútùú mọ́. Ẹni tó ń gbé níbi tí ooru ti ń mú lọ́dún yípo gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa.

Ibo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú awọ ara ni. Ní Accra, ẹ lè rí wọn ní ilé ìwòsàn ńlá bíi Korle Bu, tó ti wà láti ọdún 1923. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ìgbà tí òógùn náà ń dé sílẹ̀, ibi tó ń mú, àti gbogbo egbòogi tí ẹ ń lò. Àkọsílẹ̀ yìí yóò ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ooru ni, àbí àìsàn.