Ìpè Orúkọ àti Ìpè Àpèjúwe: Ìdí tí Ojú-ewé Gígùn fi ń Lọ́ra

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí lè dà bí ohun tí kò kan onímọ̀ lítíréṣọ̀. Ó kàn wá gidigidi. Bí a bá gbé ìtàn àròsọ gígùn kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a sì fi àmì sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí òǹkàwé lè tẹ̀ ẹ́ láti rí ìtumọ̀ rẹ̀, ojú-ewé kan ṣoṣo lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀yà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí fóònù rẹ̀ kò lágbára yóò tẹ ọ̀rọ̀, yóò sì máa dúró. Bí ó bá sú u, yóò pa ìwé náà tì.

Kí ni ó ń fa ìdúró yìí? Bí agbo ilé ni búráúsà ṣe ń to àwọn ẹ̀yà ojú-ewé: òbí, ọmọ, ọmọ-ọmọ. JavaScript, èdè tí Brendan Eich dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, ni a fi ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ìpè kò dọ́gba. Ìpè orúkọ ni èkíní. Bí ẹ̀yà kan bá ní orúkọ tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, getElementById yóò wo àkójọ orúkọ tí búráúsà ti ní nípamọ́, yóò sì mú un wá lójú ẹsẹ̀. Ìpè àpèjúwe ni èkejì, èyíinì ni querySelectorAll. Bí a bá ní kí ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú orí kẹta wá, ọ̀dọ̀ ọmọ ni búráúsà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ baba ńlá. Yóò mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo ìwé, yóò sì bi í pé: ta ni òbí rẹ? Ta ni òbí òbí rẹ?

Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́, kí a fún orí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, kí a pe orí náà, kí a sì wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nìkan. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èkejì, ohun tí a bá ti rí lẹ́ẹ̀kan, kí a fi í pamọ́. Kí a má ṣe máa wá a lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀kẹta ni ó dára jù. Bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, ìròyìn títẹ̀ náà máa ń gòkè láti ọ̀dọ̀ ọmọ dé ọ̀dọ̀ òbí. Nítorí náà, ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà orí náà tó. Kò sí ìdí láti wá gbogbo ọ̀rọ̀ kí a tó fi ẹ̀ṣọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìpè nìkan ni ó ń fa ìlọ́ra. Bí a bá ń yí ojú-ewé padà, tí a sì tún ń wọn ìbú rẹ̀ ní àyípoyípo, búráúsà yóò máa tún gbogbo rẹ̀ tò. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ wọn àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, kí a tó máa tún un ṣe.

Ìwé tí kò lè ṣí lórí fóònù tálákà, a kò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde fún tálákà.