Ìyálóde Inú Ìtàn àti Ìyálóde Inú Eré

Ó ti di àṣà nínú ilé wa pé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí a bá ti jẹun tán tí a sì ti palẹ̀ àwo mọ́, kí àwọn ọmọ máa ka ìwé Yorùbá sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìwé tí ó kàn ni eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Àwọn ọmọ pín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ọmọkùnrin wa ni Látòósà, àkọ́bí wa obìnrin sì ni Ìyálóde. Ó mú ohùn le tóbẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi wá dúró lẹ́bàá fèrèsé.

Àbúrò ìyá wa kan wà ní ìjókòó lọ́jọ́ náà. Oníṣòwò aṣọ ni, Ọlọ́run sì ti bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ìwé náà dé ibi tí Ìyálóde gbé pàṣẹ pé kí a pa ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó lóyún, ìyá yìí dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní ilẹ̀ ń ṣú lọ. A sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni ó ti wí fún wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ǹjẹ́ o mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn lọ́jà nìyẹn?"

Ojú tì wá. Kí a má purọ́, àwa náà ti pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún kan a jẹ ẹ́ ní owó aṣọ, a sì fi oṣù dórí oṣù. Nígbà tí ó ránṣẹ́ béèrè ohun tí í ṣe tirẹ̀, inú bí wa, a sì wí fún ìyàwó wa létí àwọn ọmọ pé, "Ẹfúnṣetán ni obìnrin yìí." Àwa ni a jẹ gbèsè, òun ni a sì sọ lórúkọ ìkà.

Bí a ti padà wọlé, àbíkẹ́yìn wa bi wá pé, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni Ìyálóde gbé májèlé jẹ?" A kò rí èsì fún un. Ní òru ọjọ́ náà a mú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ láti orí pẹpẹ ìwé, a sì jókòó tì í títí epo àtùpà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tí a rí níbẹ̀, àti nínú ohun tí àwọn òpìtàn mìíràn ti kọ lẹ́yìn rẹ̀, ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí.

OHUN TÍ ERÉ WÍ

Eré náà kì í ṣe kékeré. Ìṣọ̀lá ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí ó kọ ọ́. A tẹ̀ ẹ́ sí ìwé ní 1970, àìmọye ọmọ ilé ìwé ni ó sì ti kà á láti ìgbà náà. Ní 1981 a ṣe é ní pápá ìṣeré ńlá ti Ìbàdàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wá wò ó. Ní 2005 Túndé Kèlání tún fi ṣe sinimá. Nítorí náà, bí a bá dárúkọ Ẹfúnṣetán lónìí, obìnrin inú eré yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí: olówó tí kò lójú àánú, tí ó ṣòfin pé ẹrú rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún, tí ó mú kí a bẹ́ Adétutù lórí nítorí oyún, tí Látòósà àti àwọn ìjòyè sì wá bá jà nítorí ìwà ìkà náà. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tán, ó yan ikú ju ẹ̀sín lọ, ó sì gbé májèlé jẹ.

OHUN TÍ ÌTÀN WÍ

Ará Ẹ̀gbá ni Ẹfúnṣetán. Ìkijà ni ìlú baba rẹ̀. Ó wá fi Ìbàdàn ṣe ilé nígbà tí ìlú náà jẹ́ ibùdó àwọn jagunjagun, ó sì rí i pé bí ọkùnrin ti ń lọ sójú ogun, ẹnìkan ni yóò máa ta ìbọn àti ẹ̀tù fún wọn. Òwò yìí ni ó ṣe, òun àti òwò tábà, àti òwò ẹrú pẹ̀lú, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo àwọn ọlọ́lá ìgbà náà, àti ọkùnrin àti obìnrin. Johnson kọ ọ́ pé ẹrú tí ó wà ní oko rẹ̀ nìkan tó 2,000, láì ka àwọn ti inú ilé. Òun fúnra rẹ̀ a sì máa rán àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ lọ sójú ìjà lábẹ́ olórí ogun tirẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó ní. Ní 1860, ọmọ náà kú sórí ìkúnlẹ̀. Ìtàn kò fi pamọ́ pé lẹ́yìn ikú yìí ni ọkàn rẹ̀ yigbì sí àwọn ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá tí ó sin ọmọ àti ọmọ-ọmọ ní ọjọ́ kan náà yóò mọ ibi tí irú wèrè bẹ́ẹ̀ ti lè wọlé, bí kò tilẹ̀ lè dá a láre.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ẹ̀sùn tí Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, fi kàn án ní 1874, ẹnu yà wá. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni. Èkíní, kò bá a lọ sójú ogun. Èkejì, kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀kẹta, kò jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi láti kí i kú àbọ̀. Ẹ̀yin ará, níbo ni Adétutù wà nínú ẹ̀sùn yìí? Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ oyún. Àwọn òpìtàn fi yé wa pé àwọn ìjòyè ti ń gba ìbọn àti ẹ̀tù láwìn lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè náà sì ti ga kí ó tó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọdún kì í jẹ́ ká gbàgbé gbèsè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó jẹ gbèsè kì í fẹ́ràn ojú ẹni tí ó yá a lówó.

Ní 1 May, 1874, a yọ ọ́ ní oyè Ìyálóde, a sì fi oyè náà fún ẹlòmíràn. Ó san owó ìtanràn, ó bẹ̀, a kò gbà. Ní òru 30 June ọdún náà, nígbà tí ó sùn, àwọn ẹrú ilé rẹ̀ pa á. Ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn wọ́n ni Kúmúyìlọ, ẹni tí ó gbà ṣe ọmọ, tí a sì ti fi ẹ̀bùn fà lójú mọ́ra. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tí ń gbé Ìbàdàn bèèrè ikú ọmọ ìlú wọn, a pa àwọn ẹrú tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Látòósà wà lórí oyè títí ó fi kú ní 1885.

Nítorí náà èsì ìbéèrè ọmọ wa ni pé, rárá, kò gbé májèlé jẹ. Wọ́n pa á lórí ibùsùn rẹ̀ ni. Johnson tí ó kọ ọ́ kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ náà. Ìbàdàn ni ó dàgbà sí lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì, ìlú náà ni ó sì ti ń ṣe olùkọ́ ní ọdún tí a ń wí yìí. Ó kú ní 1901, a kò sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde títí di 1921.

ǸJẸ́ ÒǸKỌ̀WÉ ṢẸ̀?

Ẹnìkan lè wí pé nígbà náà Ìṣọ̀lá purọ́ mọ́ òkú. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Eré ni ó kọ, kò kọ ìwé ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ohun kan wà tí ó ṣe tí ìwé ìtàn kò ṣe. Nínú ìwé ìtàn, iye ni àwọn ẹrú Ìyálóde: 2,000. Nínú eré, ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ, ó ní olólùfẹ́, ó ń bẹ̀rù, ó ń sọkún. Adétutù náà obìnrin ni. Bí kò bá ṣe ti òǹkọ̀wé, ta ni ì bá rántí pé irú rẹ̀ wà rí? Ohun tí eré gbà lọ́wọ́ Ìyálóde, ó fi ta ẹrúbìnrin lọ́rẹ.

Aláìfiyèsí òǹkàwé ni ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ti mọ èyí tipẹ́. Nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú Akéde Èkó ní 1929 àti 1930, ó kọ ọ́ bí ẹni pé obìnrin náà ni ó ń fi ìwé ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé alààyè ni, wọ́n ń káàánú rẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá kò sí, nítorí náà kò sí ẹni tí a fi ṣe lèṣe. Ṣùgbọ́n Ẹfúnṣetán gbé ilé ayé, orúkọ rẹ̀ sì ti di òkò tí a ń sọ lu obìnrin tí ó bá lówó tí kò bímọ.

BÍ Ó TI YẸ KÍ A KÀ Á

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí a máa bi wọ́n ní ohun mẹ́ta. Èkíní, ta ni ó ń sọ̀rọ̀, kí sì ni obìnrin náà ì bá wí bí a bá fún un láyè? Èkejì, ta ni ó jèrè nínú ìṣubú rẹ̀? Ẹ̀kẹta, obìnrin mélòó ni ó wà nínú ìtàn náà tí a kò dárúkọ wọn? Kò sí èyí tí yóò ba adùn eré jẹ́. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn wọn kò ní í tètè gba ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, a mú àbíkẹ́yìn wa lọ́wọ́, a lọ sí ilé ìyá wa yìí. A dọ̀bálẹ̀, a sì jẹ́wọ́ ohun tí a ti wí nípa rẹ̀. Ó dákẹ́ títí. Kí ó tó fọhùn ni ọmọ náà bi í pé, "Ìyá, kí ni orúkọ ọmọ yín tí ó kú?" Ó dárúkọ rẹ̀ fún un, àti oríkì rẹ̀, àti irú aṣọ tí ó máa ń fẹ́ràn. Ó ní ó ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti bi òun.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ó tún wá sí ilé wa. Eré náà kù díẹ̀ kí ó parí. Nígbà tí àkọ́bí wa ṣí ìwé láti bẹ̀rẹ̀, ìyá náà mú awò ojú rẹ̀ jáde nínú àpò, ó sì na ọwọ́. "Ẹ gbé ti Ìyálóde fún mi," ni ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ."