Ní Ọ̀rányàn, orí títì ni iṣẹ́ ìjọba ń dúró sí

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ Micra láti Bẹẹrẹ, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ sí Ọ̀rányàn, yóò bá títì tí ó kún fún ọ̀kadà, ọjà àti èrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá yà gba ẹ̀gbẹ́ ilé kan wọlé, kò ní pẹ́ tí ọ̀nà yóò fi há débi pé bí ẹnì kan bá ń bọ̀, ẹnì kejì ní láti fara ti ògiri. Iwájú ilé ẹnì kan ni ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Ohun tí ó ń bá àwọn ará Ọ̀rányàn, Beyerunka àti Ọjà'ba fínra nìyí: ohunkóhun tí ìjọba bá fẹ́ fi ọkọ̀ gbé wá, orí títì ni yóò dúró sí.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bíi 1829. Àwọn olóyè ogun kọ́ agbo ilé ńláńlá, wọ́n kó ẹbí àti ọmọ ogun wọn síbẹ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, tí ó jáde láyé ní 2022, ṣàlàyé nínú ìwádìí rẹ̀ pé ńṣe ni irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ ń pín sí wẹ́wẹ́ bí ẹbí ṣe ń pọ̀ sí i. Ọmọ tí ó fẹ́ gbéyàwó á kọ́ yàrá méjì sí àgbàlá, àbúrò rẹ̀ náà á kọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 1952, Ìbàdàn ti ní 459,196. Nígbà tí àgbàlá tán, àlàfo àárín ilé ló di ọ̀nà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi. Ẹlẹ́yẹlé ti ń pọn omi fún Ìbàdàn láti 1942, Aṣéjìrẹ́ sì dára pọ̀ mọ́ ọn ní 1972. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ omi ní ìgboro ni kò yọ omi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni táńkà omi kò lè wọ inú agbo ilé. Orí ni omi ń gbà wọlé. Ẹni tí kò bá lágbára láti máa ra omi, kànga ló kù fún un, kànga ọ̀hún kì í sì í jìnnà sí ṣáláńgá. Ibi tí àrùn onígbáméjì ti ń rí ọ̀nà wọlé nìyẹn.

Bákan náà ni ti ilẹ̀ dídà. Ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí kò lè dé ẹnu ọ̀nà, gọ́tà sì wà nítòsí. Bí òjò bá ṣú, ẹlòmíràn á da tirẹ̀ síbẹ̀ kí àgbàrá lè gbé e lọ. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti August 31, 1980, àti ti August 26, 2011 tí ó gba ẹ̀mí tí ó lé ní 100. Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún dídènà omíyalé ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n afárá tuntun kò lè dá ọ̀nà omi sí bí pàǹtí bá ń bá gọ́tà wá láti inú agbo ilé.

Èyí tí ó ń bani lẹ́rù jù ni ti ọ̀gànjọ́ òru. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ọkọ̀ panápaná kò lè sún mọ́ ọn. Garawa àti iyanrìn ni aládùúgbò ń gbé. Bí aláboyún bá ń rọbí, ńṣe ni wọ́n á fà á lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n gbé e títí dé títì kí ó tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu.

Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n kúkú wó àdúgbò náà tún kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu. Inú àwọn ilé wọ̀nyí ni wọ́n sin bàbá àti ìyá sí, ilé bàbá ọmọ kì í sì í ṣe ohun tí ó ń fi owó gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ọ̀nà tóóró kò dí lọ́wọ́. Ẹlẹ́kọ ń dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ọbíọma gbé maṣíìnì lé èjìká, ó ń lu sáàsì rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Wolé-wolé ayé àtijọ́ pàápàá, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wọlé láti yẹ inú àmù wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá lè fẹsẹ̀ rìn ń dé Ọ̀rányàn.

Nítorí náà, ọmọlanke ló yẹ kí ó máa kó pàǹtí láti inú agbo ilé wá bá ọkọ̀ lójú títì. Kàǹga dẹ́rọ̀ tí ó jìnnà sí ṣáláńgá yẹ kí ó wà létí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Àwọn Mógàjí náà ní iṣẹ́ tiwọn: kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kọ́ yàrá sójú ọ̀nà tí ó kù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ọ̀nà tóóró yìí bá tún dí, ibo ni wọn yóò gbé aláboyún gbà lóru?