Ìfẹ́-Ọkàn Aláìsàn àti Èsì Ìwádìí Ìṣègùn: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Síwèé

Bí àwọn onímọ̀ ìṣègùn bá fẹ́ mọ èyí tó sàn jù nínú ìtọ́jú méjì, wọn kì í fi yíyàn náà sílẹ̀ fún dókítà tàbí fún aláìsàn. Kèké ni wọ́n máa ń ṣẹ́. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń ṣẹ́ ẹ, tí yóò sì pín àwọn tó gbà láti kópa sí ọ̀nà méjì láìwo ojú ẹnikẹ́ni, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn tí àìsàn wọn kò le ni yóò pọ̀ jù lápá kan. Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kèké kò lè mú kúrò: ọ̀pọ̀ aláìsàn ti mọ èyí tí ọkàn wọn fẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dán oògùn streptomycin wò fún ikọ́ ife ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1948, ọ̀rọ̀ yìí kò dìde. Wọn kò sọ fún àwọn tí kò gba oògùn náà pé wọ́n wà nínú ìwádìí rárá. Irú ìyẹn kò bójú mu mọ́. Lónìí, a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún aláìsàn kí ó tó gbà, ẹni tí a bá sì ṣàlàyé fún yóò ní èrò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SPORT, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2006. Àwọn 501 tí díìsìkì inú egungun ẹ̀yìn wọn ti yẹ̀, tí ìrora sì ń bá wọn dé ẹsẹ̀, ni wọ́n ṣẹ́ kèké fún. Kèké mú àwọn kan fún iṣẹ́ abẹ, ó sì mú àwọn yòókù fún ìtọ́jú tí kò ní abẹ nínú, bí oògùn ìrora àti eré ìdárayá. Nígbà tí oṣù mẹ́ta fi pé, ìdajì péré nínú àwọn tí kèké mú fún abẹ ló ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò yẹ kí wọ́n ṣe é ti lọ ṣe é. Ẹni tí ìrora ń dà láàmú wá abẹ lọ. Ẹni tí kò fẹ́ ọ̀bẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ yẹra fún un.

Ara àwọn apá méjèèjì yá gan-an, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti da epo pupa àti òróró pọ̀ mọ́ra nínú ìgò méjì, ta ni yóò sọ èyí tó dára jù fún ọbẹ̀? Àwọn 743 mìíràn wà tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yàn. Láàárín àwọn yẹn, ara àwọn tó ṣe abẹ yá jù, àmọ́ ẹni tó yan abẹ àti ẹni tó kọ̀ ọ́ kì í ṣe irú ènìyàn kan náà, nítorí náà a kò lè fi gbogbo ọpẹ́ fún abẹ.

Níbi tí wọ́n bá ti lè fi oògùn méjì jọra wọn, tí aláìsàn kò mọ èyí tó ń lò, ìfẹ́-ọkàn kì í rí ibi dì mú tó bẹ́ẹ̀. Abẹ àti eré ìdárayá kò ṣeé fi pamọ́. Ẹni tí kò rí ohun tó fẹ́ lè máa jọ́ra, kí ó pa eré ìdárayá tì, tàbí kí ó má padà wá mọ́. Ní ọdún 2008, àyẹ̀wò kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn BMJ kó àbájáde àwọn ìwádìí lórí egungun àti iṣan jọ, tó kan ènìyàn 1,594. Ara àwọn tí kèké fún ní ohun tí wọ́n fẹ́ yá díẹ̀ ju ti àwọn tí kò ní èyí tí wọ́n yàn láàyò lọ. Ìyàtọ̀ náà kéré. Lójú tiwa, kò ṣeé fojú fò, nítorí ìyàtọ̀ tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń wá gan-an lè kéré bákan náà.

Níbo wá ni ìfẹ́-ọkàn yìí ti ń wá? Nígbà mìíràn, ẹnu òṣìṣẹ́ ìlera ni. Nínú ìwádìí ProtecT lórí jẹjẹrẹ próstéètì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé, bí wọ́n bá sọ pé “a óò máa wò ó ná”, ohun tí àwọn aláìsàn ń gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ pa àwọn tì. Wọ́n yí orúkọ náà padà sí àmójútó tó ń lọ déédéé, wọ́n sì tún àlàyé wọn tò. Àwọn tó gbà kí wọ́n ṣẹ́ kèké fún wọn gòkè láti nǹkan bí 40 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2016, jẹjẹrẹ náà kò pa nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin 1,643 náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, yálà abẹ, ìtànṣán tàbí àmójútó ni wọ́n gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn náà tàn káàkiri ara jù láàárín àwọn tí wọ́n ń mójú tó.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi alààyè ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé a ti sọ ète rẹ̀ àti ohun tó lè ṣe fún ìlera rẹ̀, tí ó sì ti fọwọ́ síwèé. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ bi ara yín pé: bí kèké bá mú èyí tí n kò fẹ́, ṣé n óò dúró? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Kì í ṣe àfojúdi. Láti ọdún 1989 ni Brewin àti Bradley ti dábàá pé kí a fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí ìtọ́jú kan gidigidi ní ohun tó fẹ́, kí a sì máa tọpa rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá sì ti wọlé tí ẹ fẹ́ jáde, ẹ lè jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀.