Ìtọ́jú Ehoro tí Oyún Bàjẹ́ Lára Rẹ̀

Nínú gbogbo ẹran tí à ń sìn nílé, kò sí èyí tí ó mọ ìrora mọ́ra bí ehoro. Bí inú bá ń run ewúrẹ́, yóò ké; bí ara ajá kò bá yá, yóò máa kérora lẹ́bàá ilẹ̀kùn; adìẹ pàápàá a sorí kọ́, a wú ìyẹ́, tọmọdé tàgbà a sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ehoro a jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹran tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni láti ilẹ̀ wá. Nínú igbó, èyí tí ó bá fi àìlera rẹ̀ hàn ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé. Ìwà tí ó ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là nínú igbó yìí náà ni ó ń ṣe é léṣe nínú ilé, pàápàá nígbà tí oyún bá bàjẹ́ lára abo. Ẹni tí ó ni ín lè máà mọ̀ títí yóò fi pẹ́ jù.

Ní Japara, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ńlá Ìjẹ̀bú-Igbó, àti ní Àgọ́-Ìwòyè, títí dé àwọn ìlú etí omi bí Abígì àti Ìwòpin, ehoro kò ṣòro láti sìn. Òjò ń rọ̀ dáadáa níbẹ̀, koríko kì í wọ́n, pákó tí a ó fi kan ilé rẹ̀ kò sì jìnnà. Ohun tí ó wọ́n ni ẹni tí yóò kọ́ ọmọdé bí a ti í ṣe é nígbà tí nǹkan kò bá lọ déédéé.

Oyún ehoro kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ. Bí àwọn ọmọ inú rẹ̀ bá kú ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, a kì í sábà rí ohunkóhun: ara ìyá wọn ni yóò fà wọ́n mu padà. Bí ó bá ti di ọ̀sẹ̀ kẹta sókè ni a ó rí ẹ̀jẹ̀ lórí koríko, àti àwọn ọmọ kéékèèké tí kò ní irun, tí wọn kò mí. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ nìkan ni a ó bá, nítorí pé ìyá ti jẹ àwọn òkú ọmọ náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí lù ú tàbí kí ó pè é ní òṣìkà. Bí ẹranko igbó ti í pa òórùn ẹ̀jẹ̀ mọ́ ni, kí ọ̀tá má baà tọ ipasẹ̀ rẹ̀ wá.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé abo ehoro lè dà bí ẹni tí ó lóyún láìlóyún rárá. Ní nǹkan bí ọjọ́ 16 sí 18 lẹ́yìn tí akọ bá ti gùn ún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já irun àyà rẹ̀, yóò sì fi tẹ́ ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sí ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń jẹun, kí a fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí oyún bá bàjẹ́ ní tòótọ́, ìdákẹ́jẹ́ ni oògùn àkọ́kọ́. Lé ajá kúrò nítòsí, gbé akọ lọ sí ibòmíràn, kí o sì sọ fún àwọn àbúrò rẹ pé kí wọ́n má ṣe wá wòran. Fi ọ̀rá bo ọwọ́ rẹ kí o tó kó àwọn òkú ọmọ náà, kà wọ́n, kí o sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ajá kò fi ní í hú wọn. Aboyún ilé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, nítorí pé àwọn àrùn kan wà tí ó ń ba oyún ẹranko jẹ́ tí ó sì lè ba ti ènìyàn jẹ́. Lẹ́yìn náà, kó gbogbo koríko tí ẹ̀jẹ̀ ti kàn dànù, nu ilẹ̀ ilé rẹ̀, kí o sì tẹ́ koríko gbígbẹ tuntun fún un. Ní ilẹ̀ igbó bí tiwa, má gbàgbé ìjàlọ. Òórùn ẹ̀jẹ̀ a máa pè wọ́n, ehoro tí ó rẹ̀ kò sì lè bá wọn jà lóru. Gbé ẹsẹ̀ ilé náà sínú agolo tí a rọ omi sí.

Èyí tí ó kù ni oúnjẹ, níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ sì gbé wà. Ìfun ehoro kò gbọdọ̀ dúró. Ehoro kò lè bì, oúnjẹ gbọ́dọ̀ máa lọ nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí ó bá lo odidi ọjọ́ kan láìjẹun, afẹ́fẹ́ yóò kún inú rẹ̀, ó sì lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Nítorí náà, máa wo kóró ìgbẹ́ rẹ̀ ju bí o ti ń wo ojú rẹ̀ lọ. Bí kóró náà bá ń kéré sí i, tí ó sì ń dín, nǹkan ti ń bàjẹ́. Gbé omi mímọ́ síwájú rẹ̀, fún un ní koríko gbígbẹ púpọ̀, kí o sì fi ewé tí ó fẹ́ràn tàn án jẹun: ewé ọ̀dùnkún, yúnyun, àti eéran. Kí ìrì gbẹ lára wọn ná. Ewé píà ńkọ́? Májèlé ni fún ehoro, ewé ẹ̀gẹ́ tútù náà kò sì dára. Bí o bá rí i tí ó ń tẹnu bọ ìdí tí ó sì ń jẹ ìgbẹ́ rẹ̀ rírọ̀, má ṣe dá a lọ́wọ́ kọ́. Bí Ọlọ́run ti dá a nìyẹn, ara rẹ̀ nílò rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí èyí gidigidi. A ti rí ọmọ tí ó fẹ́ràn ehoro rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ra ampicillin ní ilé ìtajà oògùn, tí ó tú u sínú omi fún un kí ara rẹ̀ lè tètè yá. Ìgbẹ́ gbuuru ni ó fi pa á. Àwọn kòkòrò tí kò ṣeé fojú rí wà nínú ìfun ehoro tí ó ń bá a da koríko. Ampicillin, amoxicillin àti àwọn ìbátan wọn tí a gbé mì a máa pa àwọn tí ó dára nínú wọn, àwọn búburú a sì gba ilé. Oògùn tí ó wo ènìyàn sàn kì í ṣe oògùn ehoro.

Dókítà ẹranko ni kí a wá bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, bí òórùn burúkú bá ń jáde lára rẹ̀, bí kò bá jẹun láti àárọ̀ di alẹ́, tàbí bí ó bá ń rin tí ohunkóhun kò jáde. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kan ṣì há sínú. Máa fọwọ́ ba ọmú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú, nítorí pé oyún tí ó bàjẹ́ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó bí lè mú kí wàrà sọ̀ láìsí ọmọ tí yóò mu ún. Ọmú tí ó gbóná tí ó sì le jẹ́ àmì àìsàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ná. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn; bí ẹ óò bá lọ, ẹ lọ ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú.

Kí ni ó ń fà á? Ooru ni mo fura sí jù. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, abẹ́ páànù a máa gbóná ju ìwọ̀n 30 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara ehoro kò sì gba ìyẹn. Ẹ̀rù náà ń fà á, àti fífi etí gbé e, àti àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó ti bu, àti gbígbé akọ gun abo tí kò tíì tó oṣù márùn-ún. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ehoro mìíràn ń kú lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àrùn tí ń ràn ni. Ní ọdún 2020 irú àrùn bẹ́ẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ehoro ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Kí a má ṣe tà wọ́n, kí a má sì ra òmíràn wọlé títí dókítà yóò fi dé.

Abo tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ lè gba akọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí èyí má ṣe tàn ọ́. Fún un ní oṣù kan ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó tún dára jù, títí ara rẹ̀ yóò fi kún padà. Bí o bá wá gbé e fún akọ, kọ ọjọ́ náà sára ògiri, kí o sì gbé àpótí ìtẹ́ wọlé fún un ní ọjọ́ 28.